Àlọ àti Àbọ̀ Nínú Bátìrì

Nínú bátìrì tí wọn kò tíì so mọ́ ohunkóhun, kò sí iná mànàmáná tí ń sàn níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà ni pé iná ni wọ́n kó pamọ́ sínú rẹ̀. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni èròjà méjì, tí ọ̀kan ń wá ẹni tí yóò sọ ẹrù rẹ̀ sí lọ́wọ́, tí èkejì sì ń wá ẹrù tí yóò gbà, ṣùgbọ́n tí ẹni tí ó ṣe bátìrì náà ti dínà mọ́ wọn kí wọ́n má baà fara kan ara wọn. Ẹrù náà ni ẹ̀lẹ́kítírónì, ìyẹn ẹyọ bíńtín tí ojú kò lè rí, tí ó ń yí àárín gbogbo átọ́ọ̀mù ká, tí ó sì jẹ́ pé ìrìn rẹ̀ nínú wáyà gan-an ni wọ́n ń pè ní iná mànàmáná. Nígbà tí wáyà bá so orí méjèèjì bátìrì pọ̀, ẹ̀lẹ́kítírónì yóò gba ìta kọjá, níbi tí gílóòbù tàbí rédíò ti ń fi ìrìn rẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn átọ́ọ̀mù tí ẹ̀lẹ́kítírónì wọn ti dín tàbí tí ó ti lé, tí orúkọ wọn ti di áyọ́nù, yóò gba inú kọjá, nínú omi tàbí lẹ́ẹ̀ kan tí ó wà láàárín orí méjèèjì, tí wọ́n dìídì yàn nítorí pé ó ń jẹ́ kí áyọ́nù rìn, tí kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀lẹ́kítírónì rìn. Omi àárín ni ọ̀rọ̀ yìí yóò máa pè é. Bí ọ̀nà ìta bá gé, ti inú yóò dúró. Bí ti inú bá sì dí, bátìrì kú nìyẹn, bí ó ti wù kí èròjà tí ó ṣẹ́kù nínú rẹ̀ pọ̀ tó.

Ìtàn bátìrì, tí ó lé díẹ̀ ní igba ọdún, dá lórí ìbéèrè kan: ǹjẹ́ ohun tí ó ti lọ láti orí kan sí èkejì lè padà sí ààyè rẹ̀, ẹ̀ẹ̀melòó ni ó sì lè lọ kí ó bọ̀ kí ibi tí ó ń padà sí tó bàjẹ́? Bátìrì tí ohun inú rẹ̀ kì í padà ni wọ́n ń jù nù nígbà tí ó bá tán. Èyí tí tirẹ̀ ń padà ni wọ́n ń ṣáájì, nítorí pé ṣíṣáájì kò ju kí wọ́n lo iná láti ìta láti fi ipá dá ẹ̀lẹ́kítírónì àti áyọ́nù padà sí ibi tí wọ́n ti wá.

Ìlú Bologna ní ilẹ̀ Ítálì ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, lọ́wọ́ Luigi Galvani, onímọ̀ nípa ẹ̀yà ara, ẹni tí ó rí i pé itan àkèré tí ó ti kú a máa ta kìjí nígbà tí mẹ́táàlì oríṣi méjì bá fara kàn án. Mẹ́táàlì ni orúkọ tí ó kó irin, bàbà, òjé, fàdákà àti àwọn ẹbí wọn pọ̀. Ìwé tí Galvani tẹ̀ jáde ní ọdún 1791 sọ pé inú ẹran ara àkèré ni iná náà ti wá. Alessandro Volta, olùkọ́ ní yunifásítì Pavia, kọ́kọ́ gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó tún àyẹ̀wò náà ṣe fúnra rẹ̀, ó ṣàkíyèsí pé oríṣi mẹ́táàlì méjèèjì ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, àti pé àkèré kò ju ohun tútù tí ó ní iyọ̀ nínú lọ. Ó yọ àkèré kúrò, ó fi páálí tí ó rẹ sínú omi iyọ̀ dípò rẹ̀. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹta ọdún 1800, ó kọ lẹ́tà láti Como, ìlú rẹ̀, sí Joseph Banks, ààrẹ ẹgbẹ́ Royal Society ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì ṣàlàyé ẹ̀rọ tuntun kan tí ó jẹ́ àwo fàdákà tàbí bàbà àti àwo síǹkì tí wọ́n tò léra wọn ní méjì-méjì, pẹ̀lú páálí tútù láàárín ìpín kọ̀ọ̀kan. Nínú lẹ́tà náà, ó fi ẹ̀rọ rẹ̀ wé ẹ̀yà ara ẹja òkun kan tí ń fi iná gbọn ènìyàn, irú agbára tí àwọn apẹja odò ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ mọ́ òjijí, nítorí pé ohun pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tí ó tò léra ni ẹja bẹ́ẹ̀ náà fi ń ṣe iná tirẹ̀.

Kí ó tó di ìgbà náà, iná mànàmáná tí àwọn onímọ̀ ní lọ́wọ́ kò ju èyí tí ń ṣẹ́ pàrà lẹ́ẹ̀kan tí yóò sì parẹ́. Ti Volta ń sàn láìdáwọ́ dúró, ìyẹn ni ó sì mú kí gbogbo ilé ìwádìí Yúróòpù gbà á mọ́ra. Láàárín ọdún 1800 kan náà, William Nicholson àti Anthony Carlisle ti fi pín omi sí háídírójìn àti ọ́síjìn. Nígbà tí ó fi máa di 1807, Humphry Davy ti fi bátìrì ńlá yọ potásíọ́ọ̀mù àti sódíọ́ọ̀mù, mẹ́táàlì méjì tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí ní gedegbe rí. Orúkọ Volta ni wọ́n fi sọ fọ́ọ̀tì ní ọdún 1881, ìyẹn òṣùwọ̀n tí ń sọ bí bátìrì ṣe ń fi agbára ti ẹ̀lẹ́kítírónì tó. Ámípì, tí òun jẹ́ òṣùwọ̀n kejì, ń sọ bí ẹ̀lẹ́kítírónì tí ń kọjá ṣe pọ̀ tó. Síbẹ̀, Volta fúnra rẹ̀ kò gbà pé èròjà tí ń yí padà ni ó ń pèsè iná náà; títí tí ó fi kú ní 1827, ìfarakanra mẹ́táàlì méjèèjì ni ó gbà pé ó tó. Ó rí ọ̀nà, kò rí ìdí. Ìdí náà ni pé síǹkì kì í di ẹ̀lẹ́kítírónì rẹ̀ mú gírígírí bí bàbà tàbí fàdákà ṣe ń ṣe, nítorí náà síǹkì ni ó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ kí iná tó wá, kò sì sí iná mọ́ nígbà tí síǹkì bá jẹ tán.

Àìsàn ẹ̀rọ Volta pọ̀. Háídírójìn a máa ru bí ìfófó lára bàbà, a sì máa bo ojú rẹ̀ títí tí iná yóò fi rẹlẹ̀ láàárín ìgbà díẹ̀. John Frederic Daniell, olùkọ́ kẹ́místìrì ní Lọ́ńdọ̀nù, wo àìsàn yìí sàn ní 1836 nípa fífi omi àárín oríṣi méjì sínú ìkòkò kan, ọ̀kan fún síǹkì, ọ̀kan fún bàbà, pẹ̀lú amọ̀ tí ó ní ihò wẹ́wẹ́ láàárín wọn, tí ó fi jẹ́ pé bàbà tuntun ni ń lẹ̀ mọ́ bàbà dípò ìfófó. Fọ́ọ̀tì 1.1 ni ó ń mú jáde, kì í sì í tètè sọ̀ kalẹ̀. Òun ni ó wá gbé tẹlígíráàfù dúró, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fi iná gbé ọ̀rọ̀ gba orí wáyà láti ìlú kan sí èkejì. Georges Leclanché, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tún ti rẹ̀ ṣe ní 1866 pẹ̀lú síǹkì, èròjà dúdú tí ń jẹ́ mangáníìsì, àti omi iyọ̀ amóníà, ó sì rí fọ́ọ̀tì 1.5. Ní 1886, Carl Gassner ní ilẹ̀ Jámánì sọ omi yẹn di lẹ́ẹ̀, ó fi síǹkì fúnra rẹ̀ ṣe agolo tí lẹ́ẹ̀ wà nínú rẹ̀, bátìrì sì di ohun tí ènìyàn lè dojú rẹ̀ délẹ̀ láìdà nù.

Èyí ni òkúta tọ́ọ̀ṣì tí gbogbo ilé mọ̀. Igi dúdú tí ó wà láàárín rẹ̀, tí àwọn ọmọdé ń yọ láti fi kọ nǹkan sára ògiri, jẹ́ kábọ́ọ̀nù tí kì í kópa nínú ìyípadà náà rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti kó ẹ̀lẹ́kítírónì dé ọ̀dọ̀ mangáníìsì. Àṣà sísá òkúta tí ó ti rẹ̀ sínú oòrùn kì í ṣe ìgbàgbọ́ asán pátápátá, nítorí pé ooru a máa mú kí áyọ́nù yára rìn nínú lẹ́ẹ̀, ìsinmi sì máa ń jẹ́ kí ohun tí ó ti kó jọ yí mangáníìsì ká tàn káàkiri, tí rédíò yóò fi rí ohùn díẹ̀ fọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n síǹkì tí ó ti jẹ kò ní padà, nígbà tí agolo síǹkì bá sì ti lu, lẹ́ẹ̀ inú rẹ̀ yóò tú jáde, yóò sì jẹ àwọn irin inú tọ́ọ̀ṣì, èyí tí ó fi jẹ́ pé yíyọ òkúta tí ó kú kúrò lásìkò sàn ju sísá a lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní álíkáláìnì, tí Lewis Urry, ọmọ Kánádà, ṣe ní Amẹ́ríkà, tí ó sì dé ọjà ní 1959, lọ́ síǹkì rẹ̀ kúnná, ó sì fi omi àárín mìíràn rọ́pò iyọ̀ amóníà, ìdí nìyẹn tí ó fi ń pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Ipa òkúta yìí lórí rédíò fúnra rẹ̀ kò kéré: nígbà tí iṣẹ́ rédíò bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935, wáyà ni ó ń gbé ohùn dé inú àpótí tí wọ́n gbé sí ilé àwọn tí ó ń sanwó, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí wáyà bá parí sí ni ìròyìn parí sí, rédíò kékeré tí ń lo òkúta, tí ó tàn kálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1950, ni ó gbé ohùn náà dé oko àti abúlé.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe bátìrì tí ohun inú rẹ̀ ń padà ni Gaston Planté, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1859. Ó mú pẹlẹbẹ òjé méjì, ó fi ohun tí kì í gbé iná sí àárín wọn, ó ká wọn jọ, ó sì rì wọ́n sínú ásíìdì imí ọjọ́ tí wọ́n bu omi là. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ó gbà kí pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀ tó lè gba iná tí ó nítumọ̀, àfi ìgbà tí Camille Faure, ní 1881, rí i pé bí wọ́n bá fi lẹ́ẹ̀ òjé kun pẹlẹbẹ náà, àkókò yẹn yóò kúrú púpọ̀. Bátìrì ọkọ̀ òde òní, àti ọ̀pọ̀ bátìrì tí ó wà ní ilé àti ọ́fíìsì fún ínfátà, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń sọ iná bátìrì di irú tí ohun èlò ilé ń lò, kò tíì kúrò ní ìdílé yìí. Nígbà tí ó bá kún, orí nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ jẹ́ òjé tí ó ní ihò wẹ́wẹ́ bíi kànrìnkàn, orí pọ́sítíìfù sì jẹ́ òjé tí ó ti gba ọ́síjìn mọ́ra. Bí wọ́n bá ti ń lo iná rẹ̀, àwọn méjèèjì yóò máa fa imí ọjọ́ láti inú ásíìdì, wọn yóò sì máa di èròjà funfun kan náà, tí omi àárín fúnra rẹ̀ yóò fi máa di omi lásán. Ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ nìyẹn: omi àárín rẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà nìkan, ó ń bá wọn jẹ nínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí ń ṣáájì bátìrì ṣe ń fi igò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní ohun léfòó nínú fa omi láti inú rẹ̀ wò, nítorí ásíìdì wúwo ju omi lọ; ní bátìrì tí ó kún, omi àárín a máa wúwo ju omi lásán lọ ní ìlọ́po 1.26 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ní èyí tí ó ti tán, yóò sún mọ́ 1.12.

Ìyàrá kọ̀ọ̀kan nínú bátìrì yìí ń mú fọ́ọ̀tì 2 jáde, mẹ́fà ni wọ́n sì so pọ̀ kí ó tó di 12. Àwọn ni ìdérí mẹ́fà tí ó wà lórí bátìrì tí wọ́n ń bu omi sí ń tọ́ka sí. Bátìrì tí ó kún tí ó sì ti sinmi yóò ka nǹkan bíi fọ́ọ̀tì 12.6 tàbí 12.7, nígbà tí ó bá sì ka 11.9, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lójú ẹni tí kò mọ̀, ìyàtọ̀ méjèèjì kò tó nǹkan. Èròjà funfun tí ó ń hù lára pẹlẹbẹ nígbà tí wọ́n bá lo bátìrì kéré tí ó sì rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, iná ṣíṣáájì sì lè tú u padà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi bátìrì sílẹ̀ ní òfìfo fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, yóò di kókó líle tí kò ní gbà láti tú mọ́, apá ibi tí ó sì wà lára pẹlẹbẹ náà ti kú nìyẹn. Ọ̀kan nínú ohun tí ó ń pa bátìrì ínfátà láìtọ́jọ́ ni èyí. Èkejì rẹ̀ ni lílo bátìrì ọkọ̀ fún ínfátà. Bátìrì ọkọ̀ ní pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí ó pọ̀, kí ó lè tu iná ńlá jáde fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ láti fi yí ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe láti ìgbà tí Charles Kettering ti ṣe ẹ̀rọ ìṣíná tí Cadillac kọ́kọ́ lò fún ọkọ̀ ọdún 1912. Bí wọ́n bá ń lò ó tán pátápátá lójoojúmọ́, lẹ́ẹ̀ ara pẹlẹbẹ tín-ín-rín yẹn yóò máa ré jábọ́. Ti ínfátà ní pẹlẹbẹ tí ó nípọn, tí kò pọ̀, tí ń tú iná jáde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún wákàtí púpọ̀.

Ìṣirò tí ó yẹ kí olùrà ṣe kò le. Bátìrì fọ́ọ̀tì 12 tí wọ́n kọ 200 AH sí lára lè fúnni ní ámípì 10 fún ogún wákàtí, tí ó bá jẹ́ tuntun. 12 lọ́nà 200 jẹ́ 2,400, ìyẹn iye wọ́ọ̀tì, tí í ṣe fọ́ọ̀tì lọ́nà ámípì, tí ó lè fúnni fún wákàtí kan. Nítorí pé bátìrì òjé kì í pẹ́ láyé bí wọ́n bá ń lò ó kọjá ìdajì, 1,200 ni ó yẹ kí wọ́n gbójú lé. Ilé tí ó ń fa wọ́ọ̀tì 200, bíi fáànù méjì, gílóòbù díẹ̀ àti tẹlifíṣọ̀n kékeré, yóò rí nǹkan bí wákàtí mẹ́fà, kí wọ́n tó yọ èyí tí ẹ̀rọ ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ. Ẹni tí ó bá gbé fíríìjì lé e kò ní láti bínú sí ẹni tí ó tà á. Ooru náà ní ìdájọ́ tirẹ̀: àwọn oníṣẹ́ gbà pé bí ooru bá fi nǹkan bí ìwọ̀n 10 kọjá 25 ní òṣùwọ̀n Celsius, ọjọ́ ayé bátìrì òjé yóò dín sí ìdajì, síbẹ̀ abẹ́ àtẹ̀gùn tí afẹ́fẹ́ kò dé ni ọ̀pọ̀ ilé ń gbé e sí. Omi bátìrì, ìyẹn omi tí wọ́n ti sè tí wọ́n sì gba ooru rẹ̀ padà di omi, ni ó yẹ kí wọ́n bù sí i, nítorí omi kànga àti ti ẹ̀rọ ní irin àti iyọ̀ nínú, àwọn yìí a sì máa ba pẹlẹbẹ jẹ́. Nígbà tí bátìrì bá kún tí wọn kò sì gé iná rẹ̀, omi inú rẹ̀ ni iná yóò máa pín sí háídírójìn àti ọ́síjìn, háídírójìn sì lè bú gbàmù bí ẹnì kan bá ṣáná sí i nítòsí.

Òjé inú bátìrì tí ó kú kì í ṣègbé. Wọ́n lè yọ́ ọ kí wọ́n sì fi ṣe tuntun, léraléra, èyí tí ó fi jẹ́ pé ní Amẹ́ríkà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo òjé bátìrì ni ó ń padà sí ilé iṣẹ́. Ní Nàìjíríà náà ó ń padà, nítorí pé owó wà níbẹ̀: àwọn tí ń fi ọmọlanke ra kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù bátìrì kiri kì í jẹ́ kí ó sùn síta. Ọ̀nà tí ó gbà padà ni wàhálà. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi àáké la bátìrì, tí wọ́n ń da ásíìdì sílẹ̀, tí wọ́n sì ń yọ́ òjé ní gbangba, eruku òjé yóò bà sórí ilẹ̀, àwọn ọmọdé tí ń ṣeré níbẹ̀ yóò sì gbé e mì. Òjé a máa ṣe bíi káṣíọ́ọ̀mù nínú ara, a máa wọ egungun, a sì máa dé ọpọlọ ọmọ tí ó ṣì ń dàgbà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé tí wọ́n lè pè ní aláìléwu nínú ẹ̀jẹ̀. Ní Thiaroye-sur-Mer, ní ẹ̀gbẹ́ Dakar ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọdé méjìdínlógún ni ó kú láàárín oṣù Kọkànlá 2007 àti oṣù Kẹta 2008 ní àdúgbò tí wọ́n ti ń ṣe òjé bátìrì. Ní Ògìjo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí ilé iṣẹ́ tí ń yọ́ òjé pọ̀ sí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí èsì rẹ̀ jáde ní 2025 fi òjé tí ó pọ̀ hàn nínú ara àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn ará àdúgbò, ìjọba sì ti ilé iṣẹ́ mélòó kan pa níbẹ̀ ní ọdún náà.

Láàárín òjé àti ohun tí ó wá gba ipò rẹ̀, níkẹ́ẹ̀lì ni ó jọba. Waldemar Jungner ní ilẹ̀ Swídìn so ó pọ̀ mọ́ kádíọ́ọ̀mù ní 1899, Thomas Edison sì so ó pọ̀ mọ́ irin láti fi wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ oníná, èyí tí ó wọ́pọ̀ ní àwọn ìlú Amẹ́ríkà nígbà náà kí epo bẹntiróòlù tó lé e kúrò lọ́nà. Kádíọ́ọ̀mù ní májèlé, ti Edison kì í sì í pa iná mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Lítíọ́ọ̀mù ni ó wá gba ipò náà, òun ni ó sì fúyẹ́ jù nínú gbogbo mẹ́táàlì. Lítà kan rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì kìlógíráàmù lọ, nígbà tí lítà kan òjé ju kìlógíráàmù 11 lọ, kò sì sí mẹ́táàlì tí ó ń tètè jọ̀wọ́ ẹ̀lẹ́kítírónì rẹ̀ tó o nínú bátìrì. Àwọn onímọ̀ ti mọ èyí tipẹ́, ṣùgbọ́n lítíọ́ọ̀mù kì í bá omi gbé, omi àárín rẹ̀ sì ní láti jẹ́ irú tí kò ní omi nínú, tí ó ṣe ni láàánú pé ó lè gbiná. Ní àwọn ọdún 1970 ni ilé iṣẹ́ epo Exxon fi owó sí ìwádìí náà, ibẹ̀ sì ni Stanley Whittingham, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti lo èròjà titáníọ́ọ̀mù kan tí ó jẹ́ ìpele-ìpele. Áyọ́nù lítíọ́ọ̀mù ń wọ àárín àwọn ìpele yìí, ó sì ń jáde, bí ayálégbé tí ó kó wọlé tí ó sì kó jáde láìwó ògiri. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín èyí àti bátìrì òjé ṣe pàtàkì ju ìyàtọ̀ ìwúwo lọ: nínú ti òjé, pẹlẹbẹ fúnra rẹ̀ ni ó ń wó tí wọ́n sì ń tún un kọ́ nígbàkúùgbà tí wọ́n bá lò ó, kò sì sí ilé tí wọ́n lè wó kí wọ́n sì tún kọ́ ní ẹgbẹ̀rún ìgbà kí ó má yẹ̀ ní ìdúró.

Orí kejì bátìrì Whittingham ni kò jẹ́ kí ó lọ jìnnà, nítorí pé lítíọ́ọ̀mù gidi ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ó bá ń padà síbẹ̀, kì í tẹ́ pẹrẹsẹ, ìka wẹ́wẹ́ ni ó máa ń yọ, tí yóò máa gùn títí tí yóò fi kan orí kejì, iná yóò sì ṣẹ́. Ní 1980, John Goodenough àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ ní Oxford fi kóbọ́ọ̀tì tí ó gba ọ́síjìn mọ́ra rọ́pò titáníọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀tì bátìrì náà sì gòkè láti nǹkan bíi 2 dé 4. Ní ọdún kan náà, ní Grenoble, Rachid Yazami, ọmọ bíbí Fez ní ilẹ̀ Mòrókò, fi hàn pé áyọ́nù lítíọ́ọ̀mù lè wọ inú gíráfáìtì, ìyẹn kábọ́ọ̀nù onípele irú èyí tí ó wà nínú pẹ́ńsùlù, kí ó sì jáde. Akira Yoshino ní ilẹ̀ Japan ni ó so orí méjèèjì pọ̀ ní 1985, kóbọ́ọ̀tì ní ìhà kan, kábọ́ọ̀nù ní ìhà kejì, láìsí lítíọ́ọ̀mù gidi níbì kankan, àfi áyọ́nù rẹ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀. Sony gbé e dé ọjà ní 1991. Goodenough, Whittingham àti Yoshino gba ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místìrì ní 2019, Goodenough sì jẹ́ ẹni ọdún 97 nígbà náà, kò sí ẹni tí ó tíì gba ẹ̀bùn náà lọ́jọ́ orí tí ó tó bẹ́ẹ̀. Yazami kò sí lára wọn; òfin ẹ̀bùn náà kò gbà ju ẹni mẹ́ta lọ. Ó ṣòro láti gbà pé òfin yẹn ṣe ìdájọ́ òdodo lórí ọ̀rọ̀ yìí, níwọ̀n bí gíráfáìtì ti wà nínú ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo bátìrì fóònù títí di òní.

Kìlógíráàmù kan bátìrì òjé lè fúnni ní nǹkan bíi wọ́ọ̀tì 30 sí 50 fún wákàtí kan; ti lítíọ́ọ̀mù lè fúnni ní 150 sí 250. Láàárín 1991 sí 2018, iye owó rẹ̀ fi nǹkan bíi 97 nínú 100 wálẹ̀. Ohun tí ń dín ọjọ́ ayé rẹ̀ kù ni ooru àti kíkún fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé omi àárín a máa bá orí méjèèjì jà nígbà tí fọ́ọ̀tì bá ga, a sì máa fi èérí bo ojú wọn; fóònù tí ó bá ń wà láàárín ìdá 20 sí 80 nínú 100, tí kò sì sí lábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí ó ń gba iná, yóò pẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ooru bá sì pọ̀ jù, kóbọ́ọ̀tì a máa tú ọ́síjìn rẹ̀ jáde, ọ́síjìn yẹn a sì máa bọ́ iná tí omi àárín ń jó, èyí tí ó fi jẹ́ pé fífi nǹkan bò ó lásán kì í pa á.

Kóbọ́ọ̀tì wọ́n, ó sì ju ìdajì èyí tí wọ́n ń wà láyé lọ tí ó ń ti orílẹ̀-èdè Kóńgò ti Kinshasa wá, níbi tí àwọn tí ń fi ọwọ́ wà á, tí ọmọdé wà lára wọn, ń ṣiṣẹ́ nínú ihò tí kò ní òpó. Nítorí èyí ni iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ Goodenough ṣe ní yunifásítì Texas ní 1996 àti 1997 fi yẹ ní fífún ní àyè ju bí ìwé ìròyìn ṣe ń fún un lọ. Wọ́n fi irin lásán àti fọ́sífọ́ọ̀sì rọ́pò kóbọ́ọ̀tì. Fọ́ọ̀tì rẹ̀ kò ju 3.2 lọ, ó sì wúwo díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n fọ́sífọ́ọ̀sì di ọ́síjìn mú gírígírí, kì í sì í jọ̀wọ́ rẹ̀ nítorí ooru bí ti kóbọ́ọ̀tì, bẹ́ẹ̀ ni ó lè lọ kí ó bọ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ìwúwo tí ó jẹ́ àléébù nínú fóònù kì í ṣe àléébù nínú ilé, níwọ̀n bí kò ti sí ẹni tí ń gbé bátìrì sólà rìn. Mẹ́rin tí wọ́n tò tẹ̀ léra di fọ́ọ̀tì 12.8, òun ni wọ́n fi ń rọ́pò bátìrì òjé lábẹ́ ínfátà, ó sì gbà kí wọ́n lo ìdá 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú 100 rẹ̀. Pátákó kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí ń ṣọ́ fọ́ọ̀tì ìyàrá kọ̀ọ̀kan, tí ń gé iná nígbà tí ọ̀kan bá kún jù tàbí tí ó gbóná jù. Láìsí pátákó yìí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rà á, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó. Àpótí tí wọ́n ti lẹ̀ pa kì í sì í jẹ́ kí olùrà rí i bóyá ìyàrá tuntun ni ó wà níbẹ̀ tàbí èyí tí wọ́n tú láti inú kọ̀ǹpútà àlòkù.

Òkúta tí lítíọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ Nasarawa, ó sì wà ní Òkè-Ògùn àti Èkìtì, ṣùgbọ́n láti inú òkúta dé inú bátìrì jìn, orílẹ̀-èdè China ni ó sì ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yíyọ́ rẹ̀ mọ́. Sódíọ́ọ̀mù, tí wọ́n lè rí láti inú iyọ̀, ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Áyọ́nù tirẹ̀ tóbi ju ti lítíọ́ọ̀mù lọ, kì í sì í rọrùn fún un láti wọ inú gíráfáìtì, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo kábọ́ọ̀nù mìíràn tí àlàfo inú rẹ̀ fẹ̀.

Bí bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí ó kú ṣe máa padà sí ilé iṣẹ́ kò tíì rí ojútùú bíi ti òjé. Wọ́n ń lọ̀ ọ́ di ìyẹ̀fun dúdú, wọ́n sì ń fi ásíìdì yọ kóbọ́ọ̀tì, níkẹ́ẹ̀lì àti lítíọ́ọ̀mù kúrò nínú rẹ̀, owó kóbọ́ọ̀tì àti níkẹ́ẹ̀lì ni ó sì ń san owó iṣẹ́ náà. Nínú èyí tí wọ́n fi irin àti fọ́sífọ́ọ̀sì ṣe, irin ni ó pọ̀ jù nínú mẹ́táàlì tí wọ́n máa rí yọ, irin kò sì wọ́n níbì kankan, tí ó fi jẹ́ pé bátìrì tí ó dára jù fún ilé, tí kò ní òjé, tí kò ní kóbọ́ọ̀tì, ni ọlọ́mọlanke kò ní fẹ́ dá owó lé lórí nígbà tí ó bá kú.